Ọdún Tí A Wá Ibùsùn fún Yàrá Ìgúnpá

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ̀ wà nínú agbo ilé kan, má wulẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Fetí sí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí mo ń fi àlàfo wọn súfèé káàkiri ilé, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nínú agbo ilé wa ní Manigri ni ibùsùn. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ewúrẹ́ tó wọ oko olóko. Ibùsùn kan ṣoṣo ni, fún ẹnì kan ṣoṣo, nínú yàrá kan tó wọ́. Bí wọ́n bá ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ ibùsùn ni. Bí wọ́n bá ń ro ebè, ọ̀rọ̀ ibùsùn ni. Àwọn àgbà tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi wọn ògiri, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ti darúgbó báyìí, mo sì ti gbé nínú ilé tó ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n n kò tún rí ọdún tí inú ènìyàn dùn tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó fẹ́ sùn lórí ibùsùn náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Gíga ni àwa ọmọdé ń pè é, nítorí pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ọkà wa, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé rẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn akónilẹ́rú ti gbé e lójú ọ̀nà Alédjo, níbi tó ti ń lọ ta òrí. Wọ́n tà á sí apá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ òkun, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ogun wá fọ́ ìlú àwọn tó ń kó ènìyàn, tí olúkúlùkù àwọn tí wọ́n kó ń wá ọ̀nà ilé, òun náà dìde, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń fọ irú nínú agbada, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Obìnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù kékeré lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà gbójú sókè, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó wá sọ bíi pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló rán an níṣẹ́ pé: “Ṣé ọ̀nà Alédjo jìn tó báyìí ni?”

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè tò ó bó ṣe tẹ̀ léra. Mo rántí pé agbada irú dànù, àwọn adìyẹ sì jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó lé wọn. Mo rántí pé bàbá mi, ẹni tí mo rò pé kò lè sáré, sáré láti ẹ̀yìn ilé, ó ju fìlà rẹ̀ sókè, fìlà sì há sórí koríko òrùlé, kò sì sẹ́ni tó gùn lọ mú un fún oṣù méjì. Ìyá mi tí kò tíì rí Ìyá Gíga rí láyé rẹ̀ sunkún ju gbogbo ènìyàn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ iyán àárọ̀, iyán ọ̀sán, iyán alẹ́, títí ìyá mi fi sọ pé apá òun ti kú. Àwọn Fúlàní tó ń gbé lẹ́yìn odò mú wàrà wá. Àwọn ẹbí tí a ò mọ̀ pé a ní mú ẹyẹ ẹtù wá.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá rí i pé kò sí yàrá. Yàrá rẹ̀ àtijọ́ ti di ti ìyá mi àti àwa ọmọ rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde kíá, ṣùgbọ́n Ìyá Gíga dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, “Aya àbúrò mi, jókòó. N kò rìn gbogbo ọ̀nà yẹn wá láti wá lé ọmọ jáde.” Èyí tó ṣẹ́ kù ni yàrá tí a ń pè ní Yàrá Ìgúnpá. Bàbá-ńlá mi ló kọ́ ọ láàárín ilé Ìyá Àgbà tó rí róbótó àti ògiri agbo ilé, nínú àyè tí kò yẹ kí ènìyàn kọ́ ohunkóhun sí. Ògiri rẹ̀ kan wú wọlé bí ikùn aboyún, ìkejì ṣẹ́ láàárín bí ìgbà tí ènìyàn ká apá rẹ̀, àpáta kan tí wọn kò lè hú sì yọ orí láti inú ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ga bí àpótí ìjókòó. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré débi pé ewúrẹ́ nìkan ló ń wọ ibẹ̀ láìtẹríba. Iṣu gbígbìn la ń kó síbẹ̀. Ìyá Gíga bẹ̀rẹ̀ wọlé, orí rẹ̀ lu àjà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, ó ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹní kan ló béèrè fún.

Èmi ni wọ́n fi sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n máa bá a pọn omi, èmi náà ni mo rí ohun tí àwọn àgbà kò rí. Láràárọ̀, kí ó tó bọ́ ojú, Ìyá Gíga á ká ẹní rẹ̀, á gbé e lé orí ẹrù kékeré tó gbé wá, á fi okùn dì wọ́n pọ̀, á sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí alẹ́ bá lẹ́, á tú wọn. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ìmọ́tótó ni. Mo sọ fún Ìyá Àgbà kí ó lè yìn ín. Ìyá Àgbà kò yìn ín. Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀, ó ní, “Ẹni tó ń di ẹní mọ́ ẹrù kò tíì dé. Ọ̀nà ló ṣì wà.” Ó dìde, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n wá ibùsùn fún ẹ̀gbọ́n wọn kíákíá, ibùsùn gidi, èyí tí ènìyàn kò lè ká. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi ní pèpéle amọ̀ ló dára jù. Ó ní amọ̀ kì í bá ògiri jà. Bí ògiri bá wọ́, amọ̀ náà á wọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, bí kì í bá ṣe pé àárín òjò la wà. Àwa ọmọdé la tẹ amọ̀ náà, a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orin, a tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi dé irun wa. Bàbá mi mọ ọ́n, ó fi òkúta dán an, ó dùn ún wò bí ẹ̀yìn ẹṣin. Ṣùgbọ́n òjò kò dá. Ọjọ́ kẹwàá, amọ̀ ṣì tutù, Ìyá Gíga ṣì ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá olú hù lórí ibùsùn náà, funfun, wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ìyá Àgbà yẹ̀ wọ́n wò, ó já wọn, ó fi wọ́n se ọbẹ̀. Ó bu ti bàbá mi fún un, ó ní, “Jẹ ẹ́. Ibùsùn rẹ kò gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ wa.”

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń retí ọjọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ràn kí ojú ènìyàn wà lára òun ni. Àwọn àna rẹ̀ wà ní Alédjo, ó sì ti ń fi ibùsùn onígi kan tó wà nílé wọn ṣe fọ́ńté tipẹ́, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Ó lọ gbà á wá. Ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú, gbogbo Manigri sì jáde wò wọ́n bó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹranko olórí mẹ́rin. Bàbá mi béèrè pé, “Ṣé o wọn ẹnu ọ̀nà?” Bàbá Kékeré dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ohun tó bá dára kì í ṣaláì wọlé.” Ó ní òun á wó pèpéle bàbá mi tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wọlé kí ó lè máa fà á láti inú. Wọ́n dá ibùsùn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tì í, ó wọ ìdajì, ó há. “Ẹ tì í!” “Ẹ fà á!” “Ọwọ́ òsì!” “Òsì ta ni?” Wọ́n tì í títí ẹsẹ̀ kìnnìún kan fi gbẹ́ inú amọ̀ ògiri wọlé, kò sì lọ síwájú mọ́, kò bọ̀ sẹ́yìn, Bàbá Kékeré sì wà nínú.

Títí oúnjẹ ọ̀sán ló wà níbẹ̀. A ń rí ojú rẹ̀ láàárín igi ibùsùn bí àgbò inú ọgbà. Ó kọ́kọ́ ń pàṣẹ, lẹ́yìn náà ó ń bẹ̀bẹ̀, nígbà tó yá ó ní ebi ń pa òun. Ìyá mi ya iyán ní wẹ́wẹ́ kí ó lè gba àárín igi, ó ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ti ọwọ́ bọ inú ọbẹ̀ bá a. Ìyàwó Bàbá Kékeré ti oko dé, ó gbé igi ìdáná kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sinmi títí di ọjà tó ń bọ̀.” Níbẹ̀ ni ohun kan bú láti ẹ̀yìn wa. Ìyá Gíga ni. Ẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ̀rín músẹ́ nìkan la rí, kò dún. Ti ọjọ́ yẹn dún. Ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀, ó nà gbọọrọ sínú ẹrẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń nàka sí àbúrò rẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi wò ó, ó gbàgbé ibùsùn pátápátá, òun náà jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọkọ́ la fi gé ẹnu ọ̀nà kí Bàbá Kékeré tó jáde, lẹ́yìn náà la tún un mọ bó ṣe wà. Ibùsùn onígi náà di ti àwọn ewúrẹ́ lábẹ́ igi igbá, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ìyá Àgbà ní kí àwọn ọkùnrin lọ jókòó. Ní ọjọ́ ọjà Bassila, a ti gbéra kí oòrùn tó yọ, òun, Ìyá Gíga àti èmi, a mú iṣu sísun dání. Ní Bassila, èdè Anii ni wọ́n ń sọ, ó máa ń dùn létí mi bí ìgbà tí ẹ̀wà ń hó. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọ̀pá ògùrọ̀ ṣe ibùsùn, ó tò wọ́n sábẹ́ igi, oríṣiríṣi, èyí tó gùn, èyí tó fẹ̀. Ó gbọ́ èdè wa, àmọ́ ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gun òkè, ó ń sinmi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà kò kí i tán tó fi bọ́ bàtà awọ rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sórí èkíní. Ó ní, “Èyí ń dún.” Ó bọ́ sí ìkejì. “Èyí ń gún mi níhà.” Ó bọ́ sí ẹ̀kẹta. A dúró. A tún dúró. Ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là, àwọn aláta àti àwọn olóyin sì pa ọjà wọn tì wá wò ó. Bàbá náà fọwọ́ lé ìdí, ó ní, “Mo ń ta ibùsùn. N kò tà á… pẹ̀lú ìyá arúgbó.” Ìyá Gíga tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ló jí ìyá rẹ̀.

Bàbá náà wá béèrè bí yàrá ṣe rí. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ya róbótó sí afẹ́fẹ́. Mo ní irọ́ ni, mo gba igi, mo ya á sílẹ̀: ikùn, ìgúnpá, àpáta. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó béèrè pé, “Ta ni yóò sùn níbẹ̀?” A nàka sí Ìyá Gíga. Ó yíjú sí i, ó ní, “Báwo lo ṣe fẹ́ kó rí?” Ẹnu yà mí. Láti ìgbà tí ìjà ibùsùn ti bẹ̀rẹ̀, nínú gbogbo ariwo wa, kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í ní ìbéèrè yẹn. Ìyá Gíga wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹnu ọ̀nà ilé olówó tó rà mí ni mo ń sùn fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ń dá mi kọjá lóru, wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ mi. Mo kọ́ láti máa ká ẹsẹ̀ mi sínú. Mo fẹ́ nà án. Ìyẹn nìkan ni.” Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Bàbá náà mi orí. Ó ní kò sí èyí tó lè wọ yàrá yẹn nínú gbogbo ohun tí òun ti ṣe sílẹ̀. Òun ní láti wá ṣe é nínú yàrá náà fúnra rẹ̀, ní títẹ̀ lé ògiri. “Ṣùgbọ́n gbọ́,” ó ní. “Bí mo bá so ó tán, kò ní jáde mọ́. Yóò wà níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ìyá Gíga wo ilẹ̀, ó wo àwòrán tí mo yà. Ó ní òun á ránṣẹ́. A gba ọ̀nà Manigri padà. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀pá ògùrọ̀ ni kò wù ú. Ìgbà tí mo lọ́kọ, tí èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé pẹ̀lú ẹrù mi, ni mo tó mọ ohun tí bàbá oníbùsùn yẹn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ìró ọkọ́ ló jí mi. Mo sáré lọ wò. Ìyá Gíga ń fọ́ pèpéle bàbá mi wẹ́wẹ́, ó ti wó ìdajì rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ti tú, aṣọ inú rẹ̀ wà lórí àpáta, okùn rẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó rí mi, ó ní, “Àyọ̀ká, má dúró bí òpó. Lọ pe bàbá rẹ. Ká lọ gé ògùrọ̀ létí odò. N kò ní sùn lórí ọ̀pá tí ẹlòmíràn gé.” Mo ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ mi dé Bassila. Gbogbo agbo ilé ló lọ sí odò ọjọ́ náà, èyí tó lè gé àti èyí tó kàn ń pariwo. Bàbá Kékeré ṣubú sínú omi lẹ́ẹ̀mejì. Okùn ẹrù yẹn ni Ìyá Gíga fi di ìdì ọ̀pá tó kọ́kọ́ gé, ó sì rù ú wálé.

A ránṣẹ́ sí bàbá Bassila tó ń ṣe ibùsùn, ó wá, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, ó kàn jókòó sínú yàrá náà ni, ó ń wo ògiri, ó ń jẹ iyán. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ọjọ́ kejì ó fọwọ́ gbá àpáta, ó ní, “Èyí ti dúró síbí kí wọ́n tó bí bàbá-ńlá yín. Ẹsẹ̀ ibùsùn wo… ló tún dára jù ú lọ?” Ó fi àpáta ṣe ẹsẹ̀ kẹrin. Ó so ọ̀pá mọ́ ọ̀pá pẹ̀lú awọ tútù, ó tẹ̀ ẹ́ níbi tí ògiri ti tẹ̀. Nígbà tó parí, ibùsùn náà fẹ̀ lókè, ó ṣẹ́ láàárín, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Bàbá mi tẹ orí wọlé, ó ní, “Itan ewúrẹ́ rèé!” Kò sì parọ́. Ìyá Gíga gun orí rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó na ìkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan dá a dúró. Kò sí nǹkan tó dá a dúró. Àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan ló ṣẹ́ kù láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ògiri. Ó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àyè náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fò lé e. Lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ ìyá mi, àwọn ọmọ Bàbá Kékeré, ọmọ mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ibùsùn ń ké, awọ ń ké, bàbá Bassila náà ń ké pé kí a sọ̀ kalẹ̀, ó fò sókè láti fà wá, òun náà sì di ẹni kẹwàá. Bàbá Kékeré wọlé láti gbà á sílẹ̀, ó di ìkọkànlá. Kò ṣẹ́. Ìyá Gíga tó wà lábẹ́ gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín débi tí a fi ń mì lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ lórí omi. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní, “Ó tó. Ẹ jáde, gbogbo yín. Mo fẹ́ sùn.” Oòrùn kò tíì wọ̀.

Ó sùn. Alẹ́ lẹ́, kò jí. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ìyá Àgbà wọlé lọ gbọ́ èémí rẹ̀, ó jáde, ó sì pàṣẹ fún gbogbo ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún iyán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la igi. Iṣu sísun la jẹ. Wọ́n lé àwọn àkùkọ lọ sí ilé aládùúgbò. Bàbá mi ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ènìyàn mẹ́ta ló gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àlejò dé, a fọwọ́ kí wọn, wọ́n jókòó, àwọn náà ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Bassila tó yẹ kó ti lọ sílé kò lọ, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Gbogbo wa, àgbà àti ọmọdé, jókòó yí yàrá náà ká láìsọ̀rọ̀, ẹnu wa há pẹ̀lú ẹ̀rín tí a dì mọ́ inú, títí oòrùn fi dé àárín orí.

Nígbà náà ni Ìyá Gíga bẹ̀rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ wú, ilà ọ̀pá ògùrọ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rí gbogbo wa tí a jókòó bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mí. Ẹ̀rù bà á. Ó di ògiri mú, ó ní, “Kí ló dé tí ilé pa rọ́rọ́ báyìí? Ta ló kú?”

Ìyá Àgbà dìde.

“Kò sẹ́ni tó kú,” ó ní. “Ìwọ lo sùn.”